ATAMÁTÀSÉ: YÍYAN ÌBỌN ONÍDÀÁBÙÚ ÀTI TÍTÒ Ó FÚN ÌFOJÚSÙN

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu. Wọn yóò bi ara wọn pé, kí ni olùkọ́ èdè ń wá nídìí ìbọn? Ìdáhùn mi kò gùn. Kí ilé-ẹ̀kọ́ ìgbàlódé tó dé ọ̀dọ̀ wa ni èdè Yorùbá ti ní orúkọ fún ẹni tí ọfà tàbí ìbọn rẹ̀ kì í yẹ̀. Atamátàsé ni à ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ náà ‘àfojúsùn’, tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń lò lónìí fún ohun tí wọ́n ń lépa, kò ju fífi ojú sun nǹkan lọ. A ní ẹ̀tù, a ní ọta, a ní apátí tí à ń fà kí ìbọn tó dún. Èdè tó ní gbogbo ìwọ̀nyí kò yẹ kó ya odi nígbà tí a bá ní kó ṣàlàyé bí ìbọn ṣe ń ṣiṣẹ́.

Kókó kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ìbọn tó ń ba ojú àfojúsùn kì í ṣe èyí tó lágbára jù, kì í sì í ṣe èyí tó wọ́n jù lọ́jà. Ìbọn tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ń ṣe ohun kan náà, ní ọ̀nà kan náà, ní gbogbo ìgbà ni. Gbogbo ohun tó kù tí mo máa sọ, àlàyé lórí gbólóhùn yìí ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ìbọn tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ jù ni ṣakabùlà. Ẹnu ọ̀pá rẹ̀ ni a ti ń kì í: a ó da ẹ̀tù sí i, a ó fi nǹkan dí i, a ó sọ ọta sí i, a ó sì fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohun mẹ́ta ni kì í jẹ́ kí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ dá ibi tí a dojú rẹ̀ kọ mọ̀. Èkíní, inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán ni, kò ní ìlà kankan, ọta rẹ̀ sì kéré sí ihò ọ̀pá náà. Bí ọta bá ń jáde bọ̀, yóò máa gbá ara ọ̀pá lọ́tùn-ún lósì, ibi tó bá gbá kẹ́yìn ni yóò sì pinnu ibi tí yóò gbà lọ. Èkejì, ìwọ̀n ẹ̀tù kì í dọ́gba. Ẹ̀kúnwọ́ ti òní lè ju ti àná lọ. Ẹ̀kẹta, àkókò díẹ̀ a máa kọjá láàárín ìgbà tí a fa apátí àti ìgbà tí iná bá dé inú ọ̀pá, kí iná ọ̀hún sì tó dé, ọwọ́ ọdẹ lè ti yẹ̀. Ìdí nìyí tí àgbà ọdẹ fi ń rákò súnmọ́ ẹran kó tó yìnbọn. Ìmọ̀ igbó ni ó fi ń dí àlàfo tí ìbọn rẹ̀ fi sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ogun Kírìjì ni ó kọ́kọ́ fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín irú ìbọn bẹ́ẹ̀ àti ìbọn tuntun han gbogbo ayé. Ogun náà bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, ó di ogun Èkìtì Parapọ̀ àti Ìbàdàn, a sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 1893 ni àgọ́ ogun tó túká pátápátá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣakabùlà ni ó pọ̀ lọ́wọ́ tọ̀tún tòsì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé ní Èkó, tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ran ilé lọ́wọ́, ra ìbọn òyìnbó tí a ń ti ìdí kì, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí ojú ogun lábẹ́ Ògèdèǹgbé. Snider wà nínú wọn, ìyẹn ìbọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà wọlé fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní 1866. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín ní ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìbàdàn, tí apá kò ká tẹ́lẹ̀ rí, rí i pé ọta ń bá òun láti ibi tí ọta tirẹ̀ kò lè dé. Lẹ́yìn náà ni àwọn náà wá irú rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀. Èkó ni a ti yan ìbọn náà. Àwọn oníṣòwò tó mọ ọjà, tó sì mọ ohun tí ilé nílò, ni ó yàn án. Wọn kò sì fi ìbọn nìkan ránṣẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò lọ sí ojú ogun pẹ̀lú rẹ̀. Ìbọn tí kò ní ìmọ̀ lẹ́yìn, igi àti irin lásán ni.

Kí wá ni ìbọn tuntun yìí ní tí ṣakabùlà kò ní? Ìlà ni. Nínú ọ̀pá rẹ̀, a fín àwọn ìlà tó ń lọ́ yípo bí okùn tí a pa. Ọta rẹ̀ fi díẹ̀ tóbi ju ihò ọ̀pá lọ, nítorí náà yóò há mọ́ àwọn ìlà náà, yóò sì máa pòyì bí ó ti ń jáde. Ẹ rántí òkòtó tí àwọn ọmọdé ń ta. Níwọ̀n ìgbà tí òkòtó bá ń pòyì, yóò dúró ṣánṣán lórí ẹnu rẹ̀. Bí ìpòyì rẹ̀ bá ti ń rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, yóò sì ṣubú. Ọta náà rí bẹ́ẹ̀. Ìpòyì ni ó ń jẹ́ kí orí rẹ̀ máa wo iwájú. Olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó bá mú òkòtó wọ kíláàsì ti kọ́ ọmọ ní ìdajì iṣẹ́ yìí.

Snider kì í ṣe ìbọn onídàábùú o. Ìbọn onídàábùú ni èyí tí irin kan wà ní ìdí ọ̀pá rẹ̀, tí à ń gbé sókè, tí à ń fà sẹ́yìn, tí à ń tì síwájú, tí a sì tún ń tẹ̀ sílẹ̀ kó lè há, gẹ́gẹ́ bí ìdábùú ilẹ̀kùn ilé àtijọ́. Dreyse, ará ilẹ̀ Prussia, ni ó ṣe èyí tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ rẹ̀ gbà wọlé ní 1841. Mauser ti Jámánì mú iṣẹ́ náà dé ibi gíga ní 1898, títí di òní olónìí sì ni púpọ̀ nínú àwọn ìbọn ìfojúsùn ṣì ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Lee-Enfield, tó ń gba ọta 10, tí ihò ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínṣì .303. Òun ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà gbé lọ sí Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nínú ìpín ológun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìdí tí irú ìbọn yìí fi dára fún ìfojúsùn ni pé, nígbà tí a bá ti tẹ ìdábùú rẹ̀ sílẹ̀, ohunkóhun kì í mì mọ́ títí ọta yóò fi jáde. Ibì kan náà ni ọta ń jókòó sí ní gbogbo ìgbà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sórí yíyàn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ọjà, ti òfin ni. Òfin ìbọn orílẹ̀-èdè wa, tí a ṣe ní 1959, pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kìíní ni èyí tí a kà léèwọ̀ fún ará ìlú, àwọn ìbọn ológun sì wà níbẹ̀: ráífù tí ìwọ̀n ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 7.62, àti ti ínṣì .303 tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yìí, wà lára wọn. Ọ̀wọ́ kejì ni ráífù eré àti ọdẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ológun, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìwọ̀nyí gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ọlọ́pàá. Ọ̀wọ́ kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí òun náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ka ìwé àwọn òyìnbó, tó rí i pé ìbọn 7.62 ni wọ́n fi ń díje láti 300 títí dé 1,000 yáàdì, kó má ṣe rò pé èyí ló kan òun. Èyí tó bá òfin wa mu, tó sì tó fún ẹ̀kọ́, ni ìbọn .22, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5.6. Kí a má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń díje ní ìdíje Òlíńpíìkì láti mítà 50, níbi tí àárín gbùngbùn àmì jẹ́ mìlímítà 10.4 péré. Èékánná ìka ọmọńdinrín fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán.

Ìbéèrè kejì ni èyí: níbo ni ọta yóò balẹ̀ sí? Ọta .22 yìí tí a pè ní kékeré lè rìn ju kìlómítà kan lọ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí a fi Ọbaníkòró ṣe àpẹẹrẹ, àdúgbò tó ń jẹ́ orúkọ oyè ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè adéfìlà funfun Èkó. Ẹ dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà Ìkòròdú níbẹ̀. Bí ẹ bá wo ìhà kan, ilé Ṣómólú kún bámúbámú. Bí ẹ bá wo ìhà kejì, Ìlúpéjú ni. Kò sí ibi kan tí ọta lè gbà níbẹ̀ láì pàdé ènìyàn. Kò sí àgbàlá kankan ní Ọbaníkòró, bó ti wù kó tóbi tó, tí a lè sọ di pápá ìbọn. Pápá tí a fi òkìtì ilẹ̀ gíga dí lẹ́yìn, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ ń bójú tó, nìkan ni ibi tí ó tọ́ fún un. Ọta tí wọ́n ń yìn sí òfuurufú níbi ayẹyẹ pàápàá kì í pòórá. Ohun tó bá gòkè gbọ́dọ̀ bọ̀, orí ẹnì kan ló sì lè bọ́ sí. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kejì yìí, kó má wulẹ̀ dé ìbéèrè kẹta.

Ìbéèrè kẹta ni ti ìbọn fúnra rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ ṣí ìdábùú rẹ̀, kí a fi ojú àti ìka rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni jẹ́ jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Lẹ́yìn èyí, kí a yọ ìdábùú, kí a gbé ọ̀pá náà sí ìmọ́lẹ̀, kí a wò ó láti ìdí. Àwọn ìlà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ kedere láti ìdí dé ẹnu. Ìpẹtà tàbí ojú jíjẹ jẹ́ àmì pé a kò tọ́jú rẹ̀. Kí a wo ẹnu ọ̀pá dáadáa ju ibi yòókù lọ, nítorí níbẹ̀ ni ọta ti ń fi ìbọn sílẹ̀; bí etí ibẹ̀ bá kán tàbí tó bá ṣe gẹ́gẹ́, atẹ́gùn ẹ̀tù yóò ti ọta sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ti ń jáde. Kí a wo apátí: ó gbọ́dọ̀ já ní ojú kan náà nígbà gbogbo, kó má máa fà lónìí kó má ja lọ́la. Lẹ́yìn náà ni igi ìbọn. Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá gígùn apá ẹni tó fẹ́ lò ó mu, gíga rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ojú bọ́ sí ojú ohun ìfojúsùn láìjẹ́ pé ó ń na ọrùn. Ìbọn tó bá bàbá mu lè má bá ọmọ mu, gẹ́gẹ́ bí bàtà.

Ọta náà ní yíyàn tirẹ̀. Ìbọn méjì tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe ní ọjọ́ kan náà lè fẹ́ ọta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tó ń díje a máa ra oríṣiríṣi, wọn a dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a sì kó èyí tí ìbọn wọn bá gbà jọ. Ọta ìdíje .22 a máa rìn ní ìyára tí kò tó ti ohùn nínú afẹ́fẹ́, nítorí pé ìgbà tí ọta bá ń já ìyára ohùn kọjá sẹ́yìn ni ó máa ń gbọ̀n. Èyí tó ń sáré jù kọ́ ni ó ń ṣe déédéé jù.

Ó kan títò. Ohun àkọ́kọ́ ni bí irin ṣe jókòó sínú igi. Àwọn bóòtù tó so wọ́n pọ̀ gbọ́dọ̀ le, kí wọ́n sì le bákan náà nígbà gbogbo. Ọ̀pá náà, láti ibi tó ti kúrò lára irin ìdí rẹ̀ títí dé ẹnu, kò gbọ́dọ̀ fara kan igi, àfi bí ẹni tó ṣe é bá dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ kò ṣòro: kí a fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ há sáàárín ọ̀pá àti igi, kí a fà á láti iwájú lọ sẹ́yìn. Bí ó bá há níbì kan, igi ń ti ọ̀pá níbẹ̀. Ní Èkó tí ọ̀rinrin ti pọ̀ yìí, igi a máa wú lásìkò òjò, a sì máa fún lásìkò ọyẹ́. Ìbọn tó ṣe déédéé ní oṣù Ṣẹẹrẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà ní oṣù Agẹmọ, tí olówó rẹ̀ yóò sì máa dá ojú ara rẹ̀ lẹ́bi. Ọ̀rinrin yìí kan náà ni ó ń mú irin pẹtà. Nítorí náà, ìnùpa òróró fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà.

Ohun kejì ni ohun ìfojúsùn, ì báà jẹ́ ti irin, ì báà jẹ́ awò awọ̀nàjíjìn. Kí a dè é le, kó dúró ní ìnàró, kó má tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí a gbé ìbọn lé orí àpò iyanrìn ní pápá, kí a fojú sun àárín àmì, kí a yìn ín ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láì yí ohunkóhun padà. Lẹ́yìn náà ni a ó tó lọ wo bébà.

Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe, mo sì fẹ́ kí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú bá mi ṣàlàyé rẹ̀. Gbogbo Èkó ló mọ̀ pé Ṣómólú ni ìlú ìwé títẹ̀. Bí a bá ń tẹ àwòrán aláwọ̀ mẹ́rin, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bọ́ sójú ibi tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ wà. Bí àwọ̀ pupa bá ṣí díẹ̀ sí apá ọ̀tún, tó sì jẹ́ pé bó ti ṣí sí ìwé kìíní náà ló ṣí sí ọgọ́rùn-ún, ọkàn atẹ̀wé balẹ̀. Yóò sún àwo ìtẹ̀wé náà díẹ̀, ọ̀ràn ti bùṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣí sọ́tùn-ún lórí ìwé kan, tó ṣí sósì lórí èkejì, kò sí sísún tó lè tún un ṣe. Ẹ̀rọ ló ń mì. Kí ó kọ́kọ́ wá ibi tó ti tú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìbọn. Bí ihò márààrún bá ṣù jọ síbì kan, kódà bó jìnnà sí àárín, ìbọn náà dára. Ohun ìfojúsùn nìkan ni a ó sún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fọ́n káàkiri, tí ọ̀kan sì ṣèèṣì bọ́ sí àárín, kí inú wa má dùn sí i. Ká padà sí bóòtù, sí igi, sí ọta, sí èjìká tiwa. Nǹkan méjì ni èyí, ó sì yẹ kí àwa olùkọ́ fún wọn ní orúkọ méjì: mo dábàá ‘ìṣùjọ’ fún èkíní, ‘ìbójú’ fún èkejì. Ìṣùjọ ni kí ihò súnmọ́ ara wọn. Ìbójú ni kí wọ́n ba ibi tí a fojú sùn. Ìṣùjọ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Sísún ohun ìfojúsùn, ìṣirò ni. Ẹ pín dìgírì igun kan sí ọ̀nà 60. Ìpín kan níbẹ̀ a máa fẹ̀ tó mìlímítà 29 ní mítà 100, àti nǹkan bí mìlímítà 14.5 ní mítà 50. Ọ̀pọ̀ ohun ìfojúsùn a máa dún ‘kẹ́’ bí a bá ń yí i, kẹ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdámẹ́rin ìpín náà. Ní mítà 50, kẹ́ kan yóò sún ọta ní nǹkan bí mìlímítà 3.6. Bí ìṣùjọ wa bá fi mìlímítà 29 wà nísàlẹ̀ àárín, kẹ́ mẹ́jọ sókè ni a nílò. Bí ó bá jẹ́ ti irin ni, èyí tó wà lẹ́yìn ni kí a sún sí ìhà tí a fẹ́ kí ọta lọ. Bó bá jẹ́ ti iwájú ni a fẹ́ sún, ìhà òdìkejì ni. Kí a tún yìn ín ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún kó lè dá wa lójú.

Ohun tó kù wà lọ́wọ́ ènìyàn. Kí a mí, kí a dá èémí dúró díẹ̀, kí a sì rọra tẹ apátí láì já a gbà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí àwọn bàbá wa bá rí apátí tí à ń tẹ̀ ní ìtẹ̀ẹ̀sọ̀, wọn ìbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn ni a ń tẹ̀lé.

Ẹ̀yin olùkọ́, èmi kò sọ pé kí ẹ lọ ra ìbọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀rù ìbọn tí kò ní ìmọ̀ kò lè gba ẹnikẹ́ni là, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgboyà tí kò ní ìmọ̀. Ọmọ tó mọ̀ ní èdè abínibí rẹ̀ pé ọta .22 kékeré lè fi Ọbaníkòró sílẹ̀ kó wọ Ṣómólú kò ní fi ìbọn ṣeré. Ọmọ tó sì mọ ìyàtọ̀ ìṣùjọ àti ìbójú ti kọ́ ohun tí yóò bá a lò nínú ilé ìwòsàn, nínú ilé ìdánwò kẹ́míkà àti nínú ìwé ìṣirò: pé ohun tó bá ń yẹ̀ lójú kan náà ṣeé tọ́ sọ́nà, ṣùgbọ́n ohun tí kò dúró lójú kan, ìdí rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá.